Ẹni Tó Pa Ohùn Ààrá

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹnì kan fi òòfà pa gbogbo ohùn tó wà lórí téèpù àwo tuntun ẹgbẹ́ Irin-Ò-Rọ̀ rẹ́, iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ sì di òfo kí wákàtí kan tó pé.

Inú ti ń bí Abẹ́rẹ́ kó tó débẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni. Ó ti rẹ aṣọ sínú omi, ó ti da ọṣẹ sí i, ni ọ̀gá rẹ̀ pè é lórí fóònù pé àwọn arúgbó kan tó ń kọrin ariwo ń ké pé wọ́n ba téèpù àwọn jẹ́, kó lọ bá wọn wò ó, kó má sì pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló dun obìnrin náà. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ẹjọ́ tí wọ́n bá sì ti fi rẹ́rìn-ín tán ni wọ́n máa ń gbé lé e lọ́wọ́. Torí pé ó kéré, tó sì ń gúnni, ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Kò bá wọn jà sí i.

Abẹ́ ilẹ̀ ni sítúdíò náà wà, lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Wọ́n fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ bo ògiri yí ká kí ariwo má baà jáde. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Sájẹ́ńtì tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin gìrìwò kan, ti ń nu ojú kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ tán.

Ènìyàn mẹ́rin ló ń dúró dè wọ́n, kò sì sí ẹni tó wo ojú ẹnì kejì.

Akọrin wọn ló ga jù, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, Ààrá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Nínú ooru yẹn, ó fi ṣíkáàfù wé ọrùn. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń ta gìtá. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, síbẹ̀ Àbúrò ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Onílù wọn ni Òòlù, ọkùnrin kúkúrú tí apá rẹ̀ ki bí itan, ọ̀rẹ́ Ààrá láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Ẹnì kẹrin ni ọmọbìnrin Ààrá, òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ, òun ló ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Orin mẹ́tàlì ni wọ́n ń kọ láti ọgbọ̀n ọdún, irú èyí tí gìtá máa ń bú ramúramù tí akọrin á sì máa ké bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?" Abẹ́rẹ́ bèèrè.

"Èmi ni, mà," ọmọbìnrin náà dáhùn. "Aago méjìlá ku díẹ̀ ni mo jáde lọ ra bátìrì. Aago kan ni mo padà dé. Róòlù téèpù kìíní ti wà lórí ẹ̀rọ, èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀. Ìkejì wà lórí tábìlì. Mo tẹ ẹ̀rọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé ìkejì sí i, bákan náà. Mo wá dá ti àkọ́kọ́ padà sí bí mo ṣe bá a."

"Ẹ̀dà rẹ̀ ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà yí ojú sí bàbá rẹ̀.

"Mo ní ẹ̀dà rẹ̀ ńkọ́? Kò sí ibòmíràn tí ẹ gbà á sí?"

"Kò sí," Àbúrò ló dáhùn. "Òfin ẹ̀gbọ́n mi ni. Àwo tó kọjá, ẹ̀dà kan péré la ṣe. Ẹ̀dà yẹn bọ́ sí ìgboro, gbogbo ayé ti gbọ́ ọ sú kó tó jáde. Ó wá búra. Téèpù kan, kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó parí."

"Ẹ kú ọgbọ́n," Abẹ́rẹ́ wí. "Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Ọ̀kan wà lọ́rùn mi," ọmọbìnrin náà ní. "Èkejì wà lórí ìṣó nínú kíṣìnnì."

"Ta ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

"Gbogbo wa."

"Ẹ ì bá kúkú ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀."

Ààrá la ẹnu. Ohùn tó jáde kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbora lọ. "Ẹ bá mi wá ẹni náà," ó ní. "Mo bẹ̀ yín." Ó tún pa ẹnu dé. Ó ya Abẹ́rẹ́ lẹ́nu pé ọkùnrin tó ń fi igbe jẹun lè sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó lọ wo ẹ̀rọ. Òòfà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tóbi bí àwo ìjẹun. Ẹ̀yìn sípíkà ńlá kan tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ti yọ ọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ọdẹ̀dẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn irin, wọ́n á máa fi irinṣẹ́ kọ́ ọ lára. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sí i lára pé ONÍBÉÈSÌ LÓ NI MÍ.

Téèpù orí ẹ̀rọ kò tíì dé ìparí. Díẹ̀ ti wé mọ́ róòlù ọ̀tún, èyí tó kù ṣì wà lápá òsì. Òǹkà kékeré kan wà lórí ẹ̀rọ náà tó ń ka ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá àti díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

"Sájẹ́ńtì, bí o bá fẹ́ ba nǹkan ẹni jẹ́, ṣé wàá kọ́kọ́ jókòó gbádùn ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlá?"

"Rárá o, Màdáàmù. Orin yìí kọ́."

"Ẹni tó ṣe é gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ dé ibì kan, ó wá bínú."

Àbúrò ti ń nàka sí òòfà náà. "Kí la tún ń wá? Oníbéèsì ni, tó ń ta gìtá béèsì fún wa kí ẹ̀gbọ́n mi tó lé e! Ó wá síbí láàárọ̀ yìí, ó ní òun fẹ́ kó ẹrù òun. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣépè fún wa. Ó ní àwo yìí ò ní jáde láéláé!"

*

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ti bá Oníbéèsì. Ọkùnrin onírùngbọ̀n gígùn, yẹtí irin mẹ́ta létí kan, ó jókòó sórí àga kékeré láàárín ogójì ọmọdé, wọ́n ń kọrin nípa ọwọ́ fífọ̀. Tíṣà orin ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé náà sọ láìjẹ́ pé wọ́n bi í pé láti aago mọ́kànlá ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀, pé orí ń fọ́ òun.

Abẹ́rẹ́ pè é síta.

"Wọ́n ní ẹ ṣépè fún wọn."

"Mo ṣẹ́ ẹ. Màá tún ṣẹ́ ẹ. Èpè ni mo ṣẹ́, mi ò fọwọ́ kan nǹkan wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó sọ fún un. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu rẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀? Àti ohùn Ààrá?" Ó gbá ògiri. "Ta ni ẹranko yẹn?"

"Mo rò pé ẹ kórìíra wọn ni."

"Mo kórìíra wọn dáadáa. Mo bá wọn ṣe é fún ọdún méjìlélógún, wọ́n lé mi bí ajá torí gbólóhùn kan. Mo ní ìlù Òòlù ti ń falẹ̀. Òótọ́ ni! Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kù sẹ́yìn kí orin tó dé ìdajì. Ààrá ní ẹni tó bá bú Òòlù, òun ló bú. Ó ní kí n jáde. Láàárọ̀ yìí, Òòlù jókòó sínú ọgbà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, mo kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dá mi lóhùn. Ìgbéraga wọn nìyẹn! Ẹ lọ bá wọn, Màdáàmù. Orin ọwọ́ fífọ̀ ń dúró dè mí."

Nínú mọ́tò, Sájẹ́ńtì ní, "Ọ̀nà yẹn dí."

"Kò dí," Abẹ́rẹ́ wí. "Ó ti sọ nǹkan méjì fún wa."

*

Aránṣọ tó wà lókè sítúdíò náà ti ń dúró de ẹni tó máa bi í léèrè.

"Ìyá ọlọ́pàá, ẹ wò ó! A ti jọ tọwọ́ bọ̀wé! Láti aago méjìlá sí aago méjì, oníbàárà mi máa ń pọ̀, kí wọ́n má dá ariwo sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ nǹkan wọn, kí wọ́n fi hẹ́dífóònù bo etí. Ọdún mẹ́fà, wọn ò yẹ̀ ẹ́. Àfi lónìí!"

"Aago mélòó?"

"Ìròyìn ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lórí rédíò ni. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Sísọ́ọ̀sì mi jó kúrò lórí tábìlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún mi lẹ́sẹ̀! Mo fara dà á, mo fara dà á. Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, mo gbé bàtà kí n lọ pa wọ́n. Ó dá wàì! Bí ìgbà tí wọ́n pa ẹni tó ń ké."

Abẹ́rẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ padà. Ó lọ tààrà síbi sípíkà méjì tó wà níwájú ẹ̀rọ. Bọ́tìnnì ohùn ti wà ní ìparí pátápátá. Hẹ́dífóònù mẹ́rin kọ́ sórí ìṣó wọn. Aṣọ dúdú ló bo iwájú àwọn sípíkà náà, eruku sì ti bo aṣọ náà. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì sí i.

Àtẹ́lẹwọ́ méjì wà nínú eruku náà. Ìka mẹ́wàá là gbàgà, ọ̀kan lára sípíkà òsì, ọ̀kan lára ti ọ̀tún. Ẹnì kan ti dúró síbẹ̀, ó na apá méjèèjì, ó fọwọ́ lé e bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.

Abẹ́rẹ́ ya àwòrán wọn sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí Sájẹ́ńtì pe Àbúrò wá.

*

"Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín jà lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ta ló sọ fún yín? Ọmọ yẹn?"

"Aránṣọ gbọ́ yín lókè. Ẹ dá mi lóhùn."

"A jà. Ó gé gìtá mi kù nínú orin kẹfà. Ibi tí mo ti fi ẹ̀mí mi sí! Mo ní kí ló dé, ó ní ó gùn jù. Ọgbọ̀n ọdún, kò gùn jù rí!" Ẹ̀jẹ̀ ti kún ojú rẹ̀.

"Ẹ wá bínú, ẹ pa á rẹ́."

"Èmi?" Ó dìde, àga rẹ̀ ṣubú. "Kí n pa ohùn ẹ̀gbọ́n mi rẹ́? Tí mo mọ̀ pé ọjọ́ Ajé…" Ó gé ọ̀rọ̀ náà mọ́nu.

"Ọjọ́ Ajé kí ni?"

"Kò sí nǹkan."

"Bàbá, ẹ má sọ mí dòmùgọ̀. Aṣọ mi ń rà nínú omi nílé. Ọjọ́ Ajé kí ni?"

Àbúrò gbé àga náà dìde, kò jókòó sórí rẹ̀. Ó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Jẹjẹrẹ ni. Ọ̀nà ọ̀fun. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n máa yọ gògóńgò rẹ̀ kúrò. Bí ó bá jí, kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Kò ní lè pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Dókítà ní bí wọ́n bá sún un síwájú, ó máa pa á. Gbogbo ohùn tó kù nínú rẹ̀ ló kó sórí téèpù yẹn. Ó ń kọrin, ó ń tu ẹ̀jẹ̀ sínú ife. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n pa rẹ́! Kì í ṣe orin!"

Ìgbà yẹn ni ẹjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín wá yé Abẹ́rẹ́. Inú bí i débi tó fi pa ìwé rẹ̀ dé.

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi. Ọmọ rẹ̀. Dókítà."

"Òòlù ńkọ́?"

"Kò fẹ́ kí Òòlù mọ̀. Ó ní bí Òòlù bá mọ̀, ó máa máa sunkún lórí ìlù."

"Ọ̀rẹ́ ọdún mélòó?"

"Mọ́kànlélógójì."

Abẹ́rẹ́ wò ó bí ẹni wo ẹran. "Ẹ máa lọ," ó ní.

*

Ìdí ìlù ló ti bá ọmọbìnrin náà. Ó ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Fi ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ọwọ́ wo ni Òòlù fi ń lu ìlù?"

"Ọlọ́wọ́ òsì ni."

"Ìyẹn ni wọ́n ṣe to ìlù rẹ̀ báyìí, àwo idẹ ńlá lápá òsì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ irin ìlù Òòlù ti gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, àwọn ihò náà dúdú, wọ́n sì jìn. Ṣùgbọ́n àwọn ihò kéékèèké mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí kò jìn, tí irun kápẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀ nínú wọn. Apá òdìkejì ni wọ́n wà. Ohun tó yẹ kó wà lósì wà lọ́tùn-ún.

"Onílù ọlọ́wọ́ ọ̀tún kan jókòó síbí láìpẹ́. Ta ni?"

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka pa igi ìgbálẹ̀.

"Òǹkà dúró sí ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Mú ìwé rẹ wá. Orin wo ló wà níbẹ̀?"

Kò lọ mú ìwé. "Orin kẹta," ó wí kẹ́lẹ́. "Ibi tí gbogbo nǹkan ti máa dákẹ́. Ìlù nìkan ló máa ń dún."

"Ìlù ta ni?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ni, kì í ṣe ẹkún. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ìlù Bàbá Òòlù ò ṣeé gbọ́! Nínú gbogbo orin mẹ́jọ ló ti ń falẹ̀. Orin ìkẹyìn bàbá mi, ṣé kó jáde bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ló wà lórí téèpù náà, ẹni kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Mo pa ọ̀nà ìlù rẹ́, mo pe ẹlòmíràn, ó lù ú fún ọjọ́ méjì nígbà tí Bàbá Òòlù rìnrìn àjò. Lójú mi, kò ní mọ̀."

"Kí ló dé tí kò fi ní mọ̀?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀.

"Torí pé kò gbọ́ràn mọ́," Abẹ́rẹ́ bá a parí rẹ̀. "O mọ̀, o ò sọ."

"Bàbá mi náà mọ̀."

*

Òòlù tún ti lọ jókòó nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta.

"Bàbá," ó wí sókè, "ejò wà lẹ́sẹ̀ yín."

Sájẹ́ńtì fò sórí àpáta. Òòlù ò mira.

"Níbo ni ejò wà, Màdáàmù?" Sájẹ́ńtì bèèrè.

"Kò sí ejò. Sọ̀ kalẹ̀ jàre."

Ó rìn yí ọkùnrin náà ká dé iwájú rẹ̀. Òòlù gbé ojú sókè, ó tẹ ojú mọ́ ẹnu rẹ̀ kó tó kí i. Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ sí i. Ó gbá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mú, ó ṣí i. Eruku dúdú wà nínú ìlà ọwọ́ náà.

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń fi ọwọ́ gbọ́ orin?" ó bèèrè díẹ̀díẹ̀, kó lè rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

Òòlù fa ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó ṣe bí ẹni fẹ́ bú u. Àárẹ̀ mú un.

"Ọdún mẹ́ta," ó ní.

"Ẹ bọ́ sínú ilé. Màá sọ ọ́ lójú gbogbo yín, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo sì máa sọ ọ́."

*

Ó mú wọn dúró sínú yàrá ẹ̀rọ. Ó dojú kọ Òòlù kó lè rí ẹnu òun.

"Ẹni tó ṣe é gbọ́ orin fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ó sì gbọ́ ọ kíkankíkan. Gbogbo ẹ̀yin tó ní etí ì bá ti fi hẹ́dífóònù gbọ́ ọ, kí aránṣọ má mọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé sípíkà. Ó ti rí ihò tuntun lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń fura, ó fẹ́ mọ̀ dájú. Nígbà tó dé ibi tí ìlù ti ń dún lóun nìkan, ó mọ̀. Kò sì ya ìwé orin, kò fọ́ gìtá, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Ẹni tó bá fẹ́ pa yín run máa fọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni yìí fẹ́ kí ẹ tún un gbà ni."

"Mo fẹ́ ká tún un gbà!" Òòlù pariwo. "Bẹ́ẹ̀ ni! Èmi ni! Ìlù yẹn fi ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lára! Ẹ gbé ọmọ ọlọ́mọ sórí àga mi! Mo ní kó lọ, ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, gbogbo wa nínú yàrá kan bí a ṣe ń ṣe é. Oṣù mẹ́jọ mìíràn, kí ló dé? Ṣé ikú ń lé wa ni?"

Àbúrò fò mọ́ ọn. Sájẹ́ńtì gbé e mọ́ra bí ọmọdé, ó ń ta ẹsẹ̀ lófuurufú. "Apànìyàn! Adití burúkú!"

Ààrá gbé ọwọ́ sókè. Ó tú ṣíkáàfù ọrùn rẹ̀. Kókó kan wà níbẹ̀ bí ẹyin adìyẹ. Ó rìn dé iwájú Òòlù.

"Ọjọ́ Ajé," ó wí, "wọ́n máa yọ ohùn mi."

"Kí lo ní?" Òòlù ń wo ẹnu rẹ̀, ó fún ojú pọ̀. "Mi ò… tún un sọ."

Ó ní láti tún un sọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ikọ́ sì mú un láàárín rẹ̀, ó sì tún sọ èyí tó kù.

Òòlù jókòó sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀. "O ò sọ fún mi," ó ń wí. "O ò sọ fún mi, o ò sọ fún mi."

"Ìwọ náà ò sọ fún mi pé o ò gbọ́ràn."

"O mọ̀! O mọ̀ pé wọ́n gbé ẹlòmíràn jókòó sípò mi!"

"Mo mọ̀. Mi ò fẹ́ kó dùn ọ́."

"Ó dùn mí!"

"Ẹ gbẹ́nu dákẹ́!" Abẹ́rẹ́ ni. Kò mọ̀ pé òun máa kígbe. "Ọgbọ̀n ọdún lẹ ti ń pariwo sí etí ayé, ẹ ò lè la ẹnu sọ gbólóhùn kan fún ara yín! Ààrá, ẹ lé oníbéèsì torí pé ó sọ òótọ́. Ìwọ, o pa ìlù bàbá tó gbé ọ pọ̀n rẹ́. Òòlù, etí yín di, ẹ fi ẹ̀tàn bò ó. Mo ti mú olè tó sàn jù yín lọ!"

Ó yí sí Ààrá. "Ohun ìní yín ni. Ṣé kí n gbé e lọ sí àgọ́?"

Ààrá mi orí. Rárá. Kò sì wo ibi tí Òòlù jókòó sí.

*

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ààrá gbìyànjú láti tún un kọ. Ọmọ rẹ̀ gbé téèpù tuntun sórí ẹ̀rọ, Àbúrò nìkan ló ta gìtá sí i, kò sí ìlù rárá. Ó kọ mẹ́ta nínú orin mẹ́jọ. Nínú ìkẹrin, ohùn rẹ̀ já, kò sì padà. Dókítà ní bí ó bá tún fi ipá ké lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀jẹ̀ lè gbé e lọ kó tó di ọjọ́ Ajé. Wọ́n paná ẹ̀rọ. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ń tọ́jú èyí tó ṣẹ́ kù.

Abẹ́rẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìwé ló fẹ́ kí Ààrá fọwọ́ sí, pé kò pe ẹjọ́ mọ́. Ó lè fi rán Sájẹ́ńtì, ṣùgbọ́n kò fi rán an.

Òòlù ti wà ní ọdẹ̀dẹ̀ láti aago mẹ́fà, ó dúró ti ògiri, ó wọ kóòtù tí kò bá a mu mọ́. Kò sí ẹni tó ní kó wọlé, kò sì wọlé. Ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí sílẹ̀, ó ń rí wọn.

Ààrá ń lo ohùn rẹ̀ tán. Ó pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é kó tó kú, ó ní kó má sunkún, kó sì wá ọkọ tí kì í kọrin. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Àbúrò dárí ji òun torí gìtá orin kẹfà, pé ó dára, pé ìlara ló ń ṣe òun. Oníbéèsì ti dé láti ilé ìwé. Ààrá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Òótọ́ lo sọ." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́, ó bèèrè bóyá aṣọ rẹ̀ ti gbẹ. Ó kí nọ́ọ̀sì. Ó tún kí ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀.

Wọ́n wá tì í jáde lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Nígbà tó dé ọ̀gangan Òòlù, nọ́ọ̀sì dá bẹ́ẹ̀dì náà dúró, torí ó rò pé ẹbí ni. Ààrá wò ó. Òòlù sún mọ́ ọn, ó tẹ̀ síwájú, ó dúró.

Ó tó ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi ka ogún. Lẹ́yìn náà Ààrá yí ojú sí ògiri, ó fi ìka méjì ta nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ pé kó máa tì í lọ.

Ohùn náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta nígbà tí wọ́n gé e jáde ní aago mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ kékeré kékeré ló kù nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì pín in dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń nu ilẹ̀. Òòlù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélógójì, ò rí ẹyọ kan gbà níbẹ̀.